Ìhòòhò Níwájú Àna

Màmá mi di etí ìró rẹ̀ mú bí ẹni tí olè fẹ́ já a gbà. Inú yàrá tí àwọn obìnrin ti ń bọ́ṣọ la wà, ní Kusatsu, ìlú kékeré kan lórí òkè ní Gunma, ní ilẹ̀ Jàpáànì. Yìnyín ń bọ́ lóde. Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá, ọmọdé àti àgbà, ń bọ́ gbogbo ohun tó wà lára wọn, wọ́n ń ká a sínú agbọ̀n, wọ́n sì ń kọjá lọ sínú omi láìwo ọ̀tún wo òsì. Àna wa, ìyá ìyàwó àbúrò mi, náà ti bọ́ tirẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tówẹ̀lì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ó ń dúró dè wá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Màmá yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ náà máa bọ́ ni?"

"Ẹ̀n, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Níwájú tèmi?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Màmá kò bẹ̀rù àwọn àjèjì mẹ́wàá yẹn. Kò mọ̀ wọ́n, kò sì ní í rí wọn mọ́ láyé. Èmi ló ń sá fún, èmi àti àna.

Ní ilé wa, ìyá kì í ṣàdédé bọ́ sí ìhòòhò níwájú ọmọ tó bí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ọmú tí ọmọ náà mu ló fẹ́ fi ṣépè. Ọmọ tó bá rí i tí ìyá rẹ̀ ń tú ìró, ńṣe ló máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí yóò máa bẹ̀bẹ̀ kí ìró náà tó kúrò nídìí. Ní ọdún 2009, nígbà tí àtúndì ìbò gómìnà dá wàhálà sílẹ̀ ní Èkìtì, àwọn ìyá wa kan bọ́ bùbá, wọ́n jáde sí ìgboro Adó. Kò sí ọmọ Èkìtì tó gbọ́ ọ tí ara rẹ̀ kò bù máṣọ. Màmá mi kò sí nínú wọn, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Ti àna tún wá le ju ti ọmọ lọ. Àwa ni ìdílé ọkọ, àwa la wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn. Níwájú ìyá ìyàwó, gèlè Màmá kì í wọ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Obìnrin yẹn ni wọ́n wá ní kí ó bọ́ra sílẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dé ibẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Saitama, nítòsí Tokyo. Ọmọ ibẹ̀ ló fi ṣaya. Nígbà tí ìyàwó wa bímọ nínú oṣù Kejìlá, Màmá gbéra láti Adó-Èkìtì, ó ní òun ń lọ wẹ ọmọ. Ó di ọṣẹ dúdú sínú àpò, ó di àdí, ó di kànìnkànìn tuntun mẹ́ta. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù Kejì, mo lọ bá wọn. Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ kò dára.

Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń wẹ ọmọ. Màmá jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sí ojúgun. Ó fi kànìnkànìn gbo ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́ jó àwọn oríkèé, ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ó yí i lójú dé. Nígbà tó tán, ó jù ú sókè, ó hán an, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọmọ má baà jẹ́ ojo. Ìyá ìyàwó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, inú bàsíà kékeré ni ọmọ tuntun ti ń wẹ̀. Wọ́n á fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo àyà rẹ̀ kí ó má baà ta gìrì, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí rẹ̀, wọ́n á máa fi ìka fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń nu ẹyin. Nígbà tí ọmọ fò sókè, obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Lọ́jọ́ kejì ni àbúrò mi wá ń pòwe yí Màmá ká, pé bóyá kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí ìyá ìyàwó máa bá wọn wẹ ọmọ. Màmá gbọ́ ohun tí kò sọ. Ó ká kànìnkànìn rẹ̀ padà sínú àpò. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín àwọn ìyá méjèèjì. Ọ̀kan á tẹ orí ba, èkejì á kúnlẹ̀, ẹnì kan kò sì fẹ́ kí ẹnì kejì lo ìwà ìtẹríba ju òun lọ, tí ìkíni òwúrọ̀ á fi di eré ìdárayá.

Kí n má purọ́, lẹ́yìn ìyá ìyàwó ni mo wà lórí ọ̀rọ̀ jíju ọmọ sókè. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, a kì í jù ú. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Leeds. Bẹ́ẹ̀ báyìí kan náà ni Màmá ṣe wẹ èmi, ọrùn mi sì wà níbi tó wà.

Ìyá ìyàwó ló dá a lábàá pé kí àwa obìnrin mẹ́ta lọ sí Kusatsu fún ọjọ́ mẹ́ta. Maebashi ni wọ́n ń gbé, ní Gunma kan náà. Àbúrò mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, tí àárín àwọn ènìyàn bá dí níbí, wọ́n á jọ lọ wẹ̀ ni." Ó ní wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ fún un, hadaka no tsukiai, ìbárẹ́ oníhòòhò. Mo ní kó má wulẹ̀ sọ apá yẹn fún Màmá.

Rélùwéè gbé èmi àti Màmá ní Omiya, àna wọlé bá wa ní Takasaki, a sì sọ̀ kalẹ̀ ní Naganohara-Kusatsuguchi. Bọ́ọ̀sì ló wá gbé wa gun òkè fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, títí a fi dé ìlú náà ní nǹkan bí 1,200 mítà sókè orí òkun. Òórùn ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Kí n tó sọ pé ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, Màmá ti ń fa imú kíkankíkan.

"Imí-ọjọ́!"

Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé lójú ọ̀nà. Imí-ọjọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà, tó máa ń lọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú fún ẹni tí làpálàpá ń bá jà, òun ló kún afẹ́fẹ́ gbogbo ìlú yìí.

Àárín ìlú ni orísun omi náà wà gan-an, kò sí odi tó pa á mọ́. Yubatake ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni oko omi gbígbóná. Bí oko ló sì rí lóòótọ́. Ọ̀nà omi méje tí wọ́n fi pákó ṣe tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ebè, omi ń gba inú wọn ṣàn, ooru ń gòkè, imí-ọjọ́ sì ń jókòó sí ìsàlẹ̀ pákó. Wọ́n máa ń kórè rẹ̀. Nǹkan bí 4,000 lítà omi ló ń sun jáde níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Tí a bá ro gbogbo orísun ìlú náà pọ̀, ó lé ní 32,000 lítà ní ìṣẹ́jú kan, láìsí ẹ̀rọ tó ń fà á. Èmi tí mo dàgbà sí Adó, tí mo fi ọmọdé ru korobá láti ìdí ẹ̀rọ omi tó ń yọ lọ́jọ́ tó bá wù ú, mo dúró síbẹ̀ tí mo ń wo omi tó ń ṣòfò lójú mi.

Òjò àti yìnyín tó rọ̀ sórí òkè Kusatsu-Shirane ló wọ inú ilẹ̀, tó bá iná ilẹ̀ pàdé, tó sì gbé ohun tó bá níbẹ̀ jáde. Òkè ayọnáyèéfín ni, kò tíì sùn. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2018 ó bú gbàmù lójijì, ó pa ọmọ ogun kan tó ń kọ́ eré orí yìnyín pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Omi inú rẹ̀ kan gógó, ó kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n ní tí o bá fi ìṣó sínú rẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Màmá ní ìyẹn ni omi tí wọ́n fẹ́ kí òun wọ̀?

"Ó jọ Ìkógòsì," ni Màmá wí, mo sì mọ̀ pé ó máa sọ ọ́. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n bí i sí, kò jìnnà sí Ìkógòsì rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ mọ bó ṣe rí: omi gbígbóná ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, omi tútù ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n pàdé ní ìsàlẹ̀, tí o bá sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ọ̀kan á máa jó ọ, èkejì á máa mú ọ lótùútù. Wọ́n ní ìyàwó ọkùnrin kan náà ni wọ́n, orogún, onínúfùfù àti onísùúrù. Òfin tí Jàpáànì ṣe ní ọdún 1948 sọ pé omi tó bá ti ilẹ̀ jáde tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ tó 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí tó ní ọ̀kan nínú àwọn èròjà 19 kan nínú, onsen ni, orúkọ tí wọ́n ń pe irú omi bẹ́ẹ̀. Nípa ti òfin yẹn, onsen ni Ìkógòsì. Mo sọ ọ́ fún àna nípasẹ̀ fóònù tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa, ó sì tẹrí ba fún Màmá bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọmọ ọba ni.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí Màmá kò gbàgbé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní Ìkógòsì, omi tútù ló ń tu omi gbígbóná lójú. Ní Kusatsu, omi tó ń tinú ilẹ̀ jáde gbóná ju ohun tí ara lè gbà, ní Yubatake ó lé ní ìwọ̀n 50, wọn kò sì fẹ́ bu omi tútù là á, torí agbára rẹ̀ á dínkù. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Lílù ni wọ́n ń lù ú. A wọ ilé kan lẹ́bàá Yubatake, níbi tí àwọn obìnrin tò yí kòtò omi ká, tí olúkúlùkù di pákó gbọọrọ tó gùn tó mítà kan àti ààbọ̀ ó lé, tí wọ́n ń fi ro omi náà síwá sẹ́yìn, tí wọ́n ń kọrin sí i. Yumomi ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń fi pákó ta omi sókè, Màmá pàtẹ́wọ́. Ó ní bí àwọn obìnrin mẹ́rin ṣe ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo lọ́jọ́ ìnáwó nìyẹn, orin ni kì í jẹ́ kí ọmọ odó kọlura. Wọ́n pe àwọn àlejò síwájú kí wọ́n dán an wò. Màmá lọ. Ó lu omi náà bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé kò sí àrùn tí omi Kusatsu kò lè wò àfi àìsàn ìfẹ́. Màmá ní ìyẹn kò nílò omi, ẹgba ló nílò.

Àwọn tí awọ ara ń dà láàmú ti ń rọ́ wá síbẹ̀ láti ayébáyé, àwọn adẹ́tẹ̀ sì wà nínú wọn. Iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n lè fo apá yìí. Láti 1887 ni wọ́n ti ya àwọn adẹ́tẹ̀ tó ń wẹ̀ láàárín ìlú sọ́tọ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa gbé ní apá kan tí wọ́n ń pè ní Yunosawa. Àwọn ènìyàn náà kọ́lé, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fẹ́ra wọn. Míṣọ́nnárì kan tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mary Cornwall Legh, lọ bá wọn gbé ibẹ̀ ní 1916. Nígbà tó yá, ìjọba ní kò sí adẹ́tẹ̀ kankan tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ènìyàn mọ́. Wọ́n dá ọgbà tí wọ́n ń há àwọn adẹ́tẹ̀ mọ́ sílẹ̀ ní 1932, Kuriu Rakusen-en, wọ́n sì tú Yunosawa ká. Láti 1938 dé 1947, ẹ̀wọ̀n kan wà nínú ọgbà náà tí wọ́n ń ju àwọn aláìsàn tó bá ṣorí kunkun sí, nínú irú òtútù tí mo ń sọ yìí. Ẹni 93 ló wọ̀ ọ́. Ẹni 23 ló kú. Òfin tó há wọn mọ́ kò kúrò nílẹ̀ títí di 1996, bẹ́ẹ̀ oògùn tó ń wo ẹ̀tẹ̀ ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ìgbà náà.

Mo sọ ọ́ fún Màmá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí a na ara sórí ẹní nínú yàrá wa. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní ní kékeré òun, lágbègbè tiwa náà, ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń kọ́ ahéré adẹ́tẹ̀ sí, wọ́n á gbé oúnjẹ ka ilẹ̀, wọ́n á sáré padà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwọn tí omi yẹn wúlò fún jù ni wọ́n lé kúrò nínú rẹ̀."

Ní ilé àlejò tí a dé sí, ilé ìwẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Màmá ní ẹ̀yìn ń ro òun. Èmi àti àna la lọ. Ẹ̀rù tèmi yàtọ̀ sí ti Màmá. Mo ti ka ìtàn ilé ìwẹ̀ kan ní ìlú Otaru, ní apá àríwá, tó kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn ọmọ Jàpáànì nìkan lòun ń gbà. Àwọn mẹ́ta pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ní Sapporo sì ní kó san mílíọ̀nù kan yen fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 2002. Èmi nìkan ni dúdú tó wà nínú ilé ìwẹ̀ yẹn lálẹ́ náà. Mo ti múra sílẹ̀ de ojú.

Ọmọbìnrin kan bíi ọdún mẹ́rin wò mí, ìyá rẹ̀ sì yí orí rẹ̀ padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn àgbà obìnrin tó wà níbẹ̀ ń ṣọ́ yàtọ̀: wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń wo ìgbọ̀nwọ́ mi, wọ́n ń wò ó bóyá fóòmù ọṣẹ kù sí mi lára. Torí kí o tó wọ omi, o gbọ́dọ̀ jókòó sórí àpótí kékeré kan, irú èyí tí ìyá alákàrà ń jókòó lé, kí o fi ọṣẹ gbo gbogbo ara, kí o fi igbá bu omi dà sórí ara títí yóò fi mọ́ kedere. Ibẹ̀ lo ti wẹ̀ tán. Àpótí, ọṣẹ, igbá omi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ti ń ṣe lẹ́yìnkùlé ilé wa láti kékeré ni. Omi ńlá tó wà níwájú wá jẹ́ ti ẹni tó ti mọ́, kí ó jókòó sínú rẹ̀, kó má ṣe ohunkóhun. Wọn kì í rì tówẹ̀lì bọ̀ ọ́. Orí ni wọ́n ń gbé e lé, ó sì ń dúró síbẹ̀ bí òṣùká.

Nígbà tí mo padà dé yàrá, Màmá kò sùn. Ó bi mí bóyá àna náà bọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Hẹ̀n," ó yí sí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì la rìn lọ sí ọgbà Sainokawara, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú. Ọ̀nà tóóró kan ló lọ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀tún àti òsì, àwọn tó ń ta mánjú sì ń na ọ̀kan sí gbogbo ẹni tó ń kọjá, gbígbóná, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ife tíì. Ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi ṣúgà sè títí ó fi di lẹ́bẹ́lẹ́bẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Màmá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bojú wò ó bóyá ẹnìkan ń wo òun, ó fi ìyókù sínú àpò mi.

Ọgbà náà kò jọ ọgbà tí ẹ mọ̀. Òkúta ló pọ̀ níbẹ̀ ju ewéko lọ. Omi gbígbóná ń sun láàárín àwọn òkúta, ó ń ṣàn bí odò kékeré, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé díẹ̀, yìnyín sì wà ní bèbè rẹ̀ méjèèjì. Ère orí Erwin Bälz wà níbẹ̀, dókítà ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Jàpáànì láti 1876, tó ròyìn omi Kusatsu fún ayé. Àwọn ère kéékèèké kan tún wà tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, aláìnírun, ojú wọn tutù. Àna dúró síwájú ọ̀kan, ó pàtẹ́wọ́ pọ̀. Ó gbé fóònù sẹ́nu, fóònù sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa díẹ̀díẹ̀.

Jizo ni ère náà. Sai no kawara sì ni orúkọ etí odò tí àwọn ọmọdé tó kú ṣáájú òbí wọn ń dúró sí. Wọ́n ń to òkúta jọ níbẹ̀ fún ìyá àti bàbá wọn, àwọn ẹ̀mí búburú á wó o, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Jizo ló ń gbà wọ́n sábẹ́ aṣọ rẹ̀.

Màmá bi mí kí ni fóònù wí. Mo tún un sọ. Ọmọ kan wà tó ṣáájú mi, tí kò dúró. Oṣù mẹ́jọ ló lò. A kì í dárúkọ rẹ̀ nílé, mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ náà. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta kan nínú yìnyín, ó nù ún mọ́ ara ìró, ó sì gbé e lé orí òkúta mìíràn ní ẹsẹ̀ ère náà. Àna ń wò ó. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ṣa tirẹ̀, ó gbé e lé orí ti Màmá. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ lásán ni, tàbí ó ní ẹni tí ó ń gbé e fún. Mi ò bi í. Fóònù wà lápò rẹ̀, kò yọ ọ́.

Ní ìparí ọgbà náà ni omi ìwẹ̀ wà, ní gbangba lábẹ́ ọ̀run, fẹ̀ǹfẹ̀ bí adágún. Èmi ti ń ronú bí a ṣe máa wò ó lóòkán kí a sì padà. Màmá ló kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé yàrá ìbọ́ṣọ, tó wá di pé ó di ìró mú.

"Kọjú sí ògiri," ni Màmá wí fún mi.

Mo kọjú sí ògiri. Ọmọ ọdún 44 ni mí, mo ń wo kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Mo gbọ́ bí ó ṣe tú gèlè, mo gbọ́ bí bùbá ṣe gba orí kọjá, mo sì gbọ́ nígbà tí ìró balẹ̀. Ẹ̀rù kan tó ti wà lára mi láti kékeré já ní àyà mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí ìbínú níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí apá rẹ̀. Màmá ní inọ́ lápá, irú èyí tí wọ́n ń fín fún àwọn ọmọbìnrin láyé ìgbà wọn, orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá àti òdòdó kan. Ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ ní Jàpáànì kì í gba ẹni tó fín ara, torí àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń pè ní yakuza ni ìyẹn ń rán wọn létí. Mo ti ra pílásítà ńlá ní Leeds nítorí rẹ̀, ilé àlejò ni mo sì gbàgbé rẹ̀ sí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo yíjú díẹ̀, mo rí i pé àna ti mú tówẹ̀lì kékeré tirẹ̀, ó ti fi bo apá Màmá, ó sì di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń mú arúgbó sọdá títì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde sínú òtútù, àwọn àna méjì, ìdí méjèèjì funfun àti dúdú. Mo yára yíjú padà sí ògiri.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti wà létí omi. Àna ń fi igbá onígi bu omi gbígbóná, ó ń dà á sí ẹsẹ̀ Màmá, lẹ́yìn náà orúnkún, lẹ́yìn náà èjìká, díẹ̀díẹ̀, kí ara lè mọ̀ ọ́n. Ó rọra ń dà á. Ọwọ́ tó fi ń wẹ ọmọ tuntun ló ń lò.

"Yéè! Olúwa mi o!" Ìyẹn ni Màmá nígbà tí ó wọ̀ ọ́ dé ọrùn. Àwọn obìnrin kan bojú wẹ̀yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo wọ omi ní tèmi, mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Omi náà ń ta mí lára níbi gbogbo tí abẹ́ ti kàn mí, yìnyín sì ń bọ́ sí mi lórí. Mi ò lè ṣàpèjúwe adùn rẹ̀ fún yín. Ooru bo ojú omi débi pé igi orí òkè kò hàn mọ́.

"O lè yíjú," ni Màmá wí lẹ́yìn mi. "Omi ti bò mí."

Mo yíjú. Orí rẹ̀ nìkan ni mo rí, irun funfun tí wọ́n dì ní àdìmọ́lẹ̀, yìnyín lórí rẹ̀. Kò sí fóònù lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, torí wọn kì í gbé e wọlé. Àna sọ nǹkan kan ní èdè tirẹ̀, ó sì gùn. Màmá fún un lésì ní èdè Èkìtì, èsì tó ń fún èmi kò gùn tó ìyẹn rí. Ó mú apá àna nínú omi, ó nà án síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ kọjá àyà lọ sí apá kejì, ó ní, "Báyìí. Báyìí la ṣe ń nà án, kí oríkèé má baà gan." Àna gbà kí ó na òun. Nígbà tí ó tán, òun náà fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀yìn orí Màmá, ó na àtàǹpàkò àti ìka àárín dé etí rẹ̀ méjèèjì, ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń dí etí ọmọ kí omi má wọ̀ ọ́. Màmá léfòó sórí ọwọ́ rẹ̀, ó dijú.

Mo ní ó tó. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára Màmá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ti kọjá. Wọn kò dá mi lóhùn, àwọn méjèèjì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá dìde, ó tú àpò rẹ̀, ó mú ọṣẹ dúdú, ó mú kànìnkànìn. Mo ní kí ó dúró kí n wọ aṣọ. Ó ní ta ló pè mí? Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìwẹ̀, mo sì gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìsàlẹ̀ nígbà tó yá. Wákàtí kan kọjá kí wọ́n tó gòkè. Ẹ̀yìn ọrùn àna pupa fòò bí ẹni tí wọ́n fi yanrìn fọ̀.

Ní Takasaki ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tẹrí ba láti orí ilẹ̀, Màmá kúnlẹ̀ nínú rélùwéè, ìlẹ̀kùn sì pa dé láàárín wọn kí ẹnikẹ́ni tó borí. Nígbà tí a dé Saitama tí mo ń bá a tú ẹrù, mo ka kànìnkànìn rẹ̀. Méjì ló kù.